Irin òrùlé tí a ń fi bóòtù dè: oríkèé àárín ń kọ mí lóminú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà. Òrùlé gbọ̀ngàn tó fẹ̀ ní mítà 12 ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ọkọ̀ gígùn ò lè wọlé, ni mo ṣe jó irin rẹ̀ ní férémù mẹ́rin, mítà 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n lè fi bóòtù dè wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Mo ti fi irin ìdábùú láti igun dé igun sí gbogbo wọn, torí onígun mẹ́ta kì í yẹ̀ bí onígun mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n oríkèé kan bọ́ sí àárín gan-an, níbi tí ẹrù ti ń fa irin ìsàlẹ̀ jù. Bóòtù M16 (tó nípọn ní mìlímítà 16) méjì ló wà níbẹ̀. Ihò wọn fẹ̀ díẹ̀, ó sì ń mì. Ṣé kí n fi pléètì há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àbí kí n tún un jó ní férémù mẹ́ta? Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn máa jókòó sábẹ̀ rẹ̀.