Amọ̀, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ fún awọ ara: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Olójú-dídán:
Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo bá yíjú sí báyìí, ọjà amọ̀ àti iyọ̀ ni wọ́n ń polówó. Amọ̀ funfun, ẹrẹ̀ dúdú, iyọ̀ Òkun Òkú, iyọ̀ Epsom, kò sí èyí tí wọn kò ní ó ń fa májèlé jáde lára. Ọ̀rọ̀ májèlé yìí ti sú mi. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn kò sì bẹ amọ̀ lọ́wẹ̀.

Amọ̀ ń ṣiṣẹ́ o, n kò ní parọ́. Amọ̀ tí wọ́n ń pè ní bentonite ni mo ń pò. Awọ ojú mi máa ń yọ òróró; kó tó di ọ̀sán, iwájú orí mi á ti máa kọ mọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo bá lò ó, òróró yẹn á rọlẹ̀, àwọn dúdú wínníwínní orí imú mi náà á sì dínkù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, òróró ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyẹn, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹ sọ tiyín, àmọ́ ẹ má wulẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike fún wa.

Ìyá Ìbejì:
Tiyín dáa, torí òróró wà lójú yín tí amọ̀ máa rí fà. Awọ gbígbẹ ni tèmi.

Lára ike amọ̀ tí mo rà, wọ́n ní kí n jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Mo jókòó síwájú dígí, mo ń wò ó. Etí ibi tó fẹ́lẹ́ ló kọ́kọ́ ṣì, ó wá ń funfun bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àgbọ̀n wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó kan ẹ̀gbẹ́ ẹnu, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ń pè mí, ọwọ́ ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ tí gbogbo ojú mi fi sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe ń fún yẹn ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú amọ̀ ló ń gbẹ, amọ̀ fúnra rẹ̀ wá ń sún kì, ó ń fa awọ mọ́ra. Tó bá ti gbẹ tán, kò sí oore tó tún ń ṣe. Awọ ẹni ni yóò máa gbẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣan án tán, ojú mi pọ́n, ó ń ta mí títí mo fi sùn.

Mo bá yà sí kaolin, amọ̀ funfun. Kì í wú nínú omi bíi bentonite tó ti ara eérú òkè oníná wá, ó sì rọ̀ lára jù ú lọ. N kì í jẹ́ kó gbẹ mọ́. Bí etí rẹ̀ bá ti ń ṣì báyìí, tí àárín rẹ̀ ṣì tutù tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, mo ti ṣan án kúrò nìyẹn, ìpara ló máa tẹ̀ lé e kí omi ojú mi tó gbẹ. Kò ta mí mọ́.

Arìnrìn-àjò:
Psoriasis ló ń bá mi fínra, ní ìgúnpá àti orúnkún. Awọ á ki, á pọ́n, á wá máa yọ ìpẹ́ funfun. (Kì í ràn o. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ìbọ̀wọ́ wa, ẹ fi sùúrù ṣe é.) Dókítà awọ tó ń tọ́jú mi ló ní tí apá mi bá ká a, kí n lọ sí Òkun Òkú. Apá ti Jọ́dánì ni mo gbà wọ̀ ọ́.

Omi ibẹ̀ ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ láàárín ìka. Bíi 34 nínú 100 rẹ̀ ni iyọ̀, nígbà tí ti òkun yòókù kò ju bíi 3.5 lọ. Mo rọra ń wọ inú rẹ̀ lọ ni ẹsẹ̀ mi bá kúrò nílẹ̀, mo léfòó. Gbogbo ibi tí mo ti họra ni mo mọ̀ níkọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yìn ni wọ́n ní ká fi sùn lórí omi, kí ojú máa wòkè, nítorí ẹni tó bá gbé omi yẹn mì, tàbí tó gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni. Ẹrẹ̀ dúdú etí omi náà ń rùn imí-ọjọ́. Wọ́n ń fi kun ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kálukú á wá dúró gbagidi nínú oòrùn, a ò dá ara wa mọ̀.

Iyọ̀ ibẹ̀ kò rí bíi ti ilé ìdáná. Èyí tó jẹ́ ti magnesium ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iyọ̀ nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Etí omi náà fi ohun tó lé ní 430 mítà rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí ẹni níbẹ̀ ki sí i, ó ń sẹ́ díẹ̀ lára ìtànṣán UVB tó ń jó awọ, èèyàn á sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i nínú oòrùn. Oòrùn náà sì jẹ́ oògùn fún psoriasis.

Ìpẹ́ náà rọ̀, ó re dànù, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ẹlòmíì. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún yọjú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìwòsàn fún yín. Iyọ̀ rẹ̀ tí mo ń dà sínú omi ìwẹ̀ nílé báyìí ń rọ ìpẹ́ fún mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Onírùngbọ̀n:
Ẹ má fá irun àgbọ̀n tán kí ẹ wá fi iyọ̀ ra á. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ohun tí Arìnrìn-àjò sọ nípa omi ìwẹ̀ kì í ṣe àhesọ. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ní Jámánì gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn tí awọ wọn gbẹ nítorí eczema, àrùn awọ tó máa ń yún, ti apá kan bọ omi tí iyọ̀ Òkun Òkú wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n 5 nínú 100, fún ìṣẹ́jú 15. Apá kejì, omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n tì í bọ̀. Apá oníyọ̀ di omi mú ju ìkejì lọ, pípọ́n rẹ̀ sì rọlẹ̀. Iyọ̀ Epsom yàtọ̀ sí èyí, magnesium sulphate nìyẹn. Ẹ má fi rọ́pò rẹ̀ kí ẹ wá máa retí ohun kan náà.

Èyí tó ń dùn mí lẹ́nu iṣẹ́ ni ti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ti kú, wọn kì í mọ̀ bí omi ṣe gbóná tó. Mo ti tọ́jú ẹni tó ti ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀, tó ń gbádùn rẹ̀, tí awọ sì bó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì bá wọn fọwọ́ kan omi kọ́kọ́.

Ní ti amọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, ohun tó bá wà nílẹ̀ ibẹ̀ ló ń bá a wá. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa amọ̀ bentonite kan tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè èsì àyẹ̀wò, ẹ má sì gbé e mì rárá. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń ha ara, ẹsẹ̀ àti ìgúnpá ló yẹ, kì í ṣe ojú. Etí hóró rẹ̀ mú jù.

Olójú-dídán:
Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì, mo ti dán tiyín wò, mo ṣan án kó tó gbẹ. Òróró rọlẹ̀ bákan náà, ojú kò sì fún mi.

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà: páìpù. Bentonite ń wú nínú omi, kì í sì í yéé wú tó bá wọ ihò ibi ìfọwọ́. Tèmi dí. Ẹni tó wá tún un ṣe fa amọ̀ yọ níbẹ̀, ó bi mí bóyá ìkòkò ni mo ń mọ nínú ilé. Bébà ni mo fi ń nù ún dànù báyìí kí n tó bu omi sójú.