Rédíò mi dákẹ́ ní Leeds: ṣé kí n tà á ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ rédíò ìgbafẹ́, ham radio, ni mo gbé wá. Mo ti yege nínú ìdánwò Foundation, ìpele àkọ́kọ́, Ofcom, àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ rédíò níbí, sì ti fún mi ní callsign, orúkọ tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ lórí afẹ́fẹ́, M7 ló fi bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra Baofeng kékeré kan, rédíò àfọwọ́mú, kí ìwé àṣẹ tó jáde. Àmọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo jókòó sẹ́nu fèrèsé tí mo ń pe CQ, ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, lórí ìgbì 145.500 MHz, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ariwo ṣùùù lásán ni.

Mo lọ sí ẹgbẹ́ àwọn oní-rédíò àdúgbò wa. Wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún mi ní tíì. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni kò ní ewú lórí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì kọjá rédíò tí wọ́n rà àti èyí tí wọ́n fẹ́ rà. Onílé mi ò fẹ́ rí òpó áńtẹ́nà kankan lára ògiri rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n ta gbogbo ẹ̀, kí n fowó ra nǹkan gidi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nìkan ló ṣì ń bá mi jókòó tì í.

Ṣé kí n tà á ni? Àbí ọ̀nà wà tí èèyàn fi ń gbádùn nǹkan yìí, tí a ó sì fi rí àwọn èèyàn wa sí i lórí afẹ́fẹ́?

Jagunlabí Peckham:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé WhatsApp ti bàjẹ́ ni? 😂

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Peckham, jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja, ṣé kò mọ ọ̀nà ọjà ni?

Àbúrò mi, má tà á. Ibi tó o jókòó sí ló ń dá ọ lóró. Ìgbì 145 yẹn kì í fẹ́ la òkè àti ilé kọjá, ibi tí kò bá sí ìdènà láàárín ló ń dé dáadáa. Gbé rédíò kan náà lọ sórí òkè Ilkley Moor nítòsí yín lọ́jọ́ tójú ọjọ́ bá mọ́, kó o wá sọ fún wa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé eré tiwọn gan-an nìyẹn, SOTA ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 2002. Ẹni tó fẹ́ gun òkè á kéde àkókò tó máa wà lókè, àwọn tó wà nílé á sì máa wá ohùn rẹ̀ kiri. Èèyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ bá pàdé lórí afẹ́fẹ́ kó tó gba máàkì òkè náà. Nígbà yẹn, àwọn ló ń wá ọ, kì í ṣe ìwọ lò ń wá wọn.

Gbìyànjú ripítà náà, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbi gíga tó ń gba ohùn ẹni tó sì ń tún un sọ síta. Àmọ́ ripítà máa ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó bá sọ ọ́ pẹ́ jù lẹ́nu. Pẹ̀lú irú ìkíni àwa Yorùbá, "ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́", àkókò rẹ á ti tán kó o tó dórí ọ̀rọ̀.

Bàbá Oníwáyà, Houston:
Ọmọ mi, gbogbo yín lẹ tẹ́tí, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó pa 145.500 nìyẹn, kì í ṣe pé kò séèyàn. Ẹ dá ọjọ́ kan àti aago kan tí kì í yẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣí i, kí ó máa pe callsign lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ làwa ń ṣe níbí. Ìgbà míì, ẹni méjì péré ló ń wá, a ṣì máa ń ṣí i. Lẹ́yìn tí ìjì Maria ba Puerto Rico jẹ́ ní September 2017, Red Cross ní kí ARRL, ẹgbẹ́ àwa oní-rédíò Amẹ́ríkà, wá èèyàn 50 tó lè fi rédíò gbé ìròyìn àwọn tó yè jáde. Ẹni tó ra rédíò lánàá ò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Àwọn aléwú ẹgbẹ́ yín ńkọ́? Má bi wọ́n ní rédíò wo ni wọ́n ní. Bi wọ́n ní ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ogún ọdún, kó o wá rí i bóyá wàá tètè kúrò níbẹ̀. Wọ́n á tún yá ọ ní HF àlòkù, rédíò tí ìgbì rẹ̀ ń lọ jìnnà, torí pé Baofeng ò lè dé ọ̀dọ̀ mi láéláé. Má wá òpó. Wáyà méjì, mítà 5 níkọ̀ọ̀kan, ti di áńtẹ́nà fún 14.2 MHz, inú àjà ló sì máa wà. Wátì 25 tí ìwé àṣẹ rẹ fàyè gbà (10 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi kún un ní 2024) tó, bí oòrùn bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójú sánmà lókè lọ́hùn-ún, tí sánmà sì ń dá ìgbì padà sílẹ̀.

Yorùbá la ó sì máa sọ. Níbí, callsign nìkan ni òfin ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì pè bí a bá ń fẹnu sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni òwò àti kóòdù tá a fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Yorùbá kì í ṣe kóòdù.

Olùgbọ́ Ìbàdàn:
Èmi ò ní ìwé àṣẹ, olùgbọ́ lásán ni mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ wá WebSDR QO-100, rédíò tí èèyàn ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó wà ní Goonhilly, ní Cornwall, lórí fóònù. Orí sátẹ́láìtì tí Qatar gbé lọ sókè ní November 2018 ni QO-100 wà, wọ́n ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ham. Ojú kan ló dúró sí lójú wa, nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sókè, ó sì bo gbogbo Áfíríkà àti Yúróòpù títí dé ìlà oòrùn Brazil. Kí ọmọ náà gbọ́ ọ lálẹ́ òní, kò ná yín ní kọ́bọ̀ kọjá dátà.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo fẹ́ padà sí. Kò sí gbèdéke ọjọ́ orí fún Foundation. Ìbéèrè 26 ni, ó máa mú ìdáhùn tó tọ́ nínú àwọn tí wọ́n tò síwájú rẹ̀, 19 ló fi máa yege, ilé ló sì ti lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Kó tó ṣe é, jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lórí rédíò rẹ níṣojú rẹ, òfin gbà á. Tó bá di October, àwọn ọmọ Scout máa ń ṣe JOTA, ìpàdé wọn lórí rédíò, ọmọdé ló máa ń kún orí afẹ́fẹ́. Bí ọmọdé bá ń pe CQ, àwọn àgbà tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn á dáhùn. Mo rí i pẹ̀lú àwọn ìbejì mi.

Jagunlabí Peckham:
Ó dáa, mo ti wà lórí Goonhilly yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ará Brazil kan ń ròyìn òjò ìlú wọn. Mi ò mọ ohun tó kàn mí níbẹ̀, àmọ́ mi ò tíì pa á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Houston, ṣé a lè fi sí Sọ́ńdè? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí, mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Bàbá Oníwáyà, Houston:
Sọ́ńdè, aago mẹ́wàá òwúrọ̀! Ṣé o fẹ́ kí pásítọ̀ lé mi ni? Sátidé ni. Kó o tó gun àjà, wò ó bóyá wọ́n fi fọ́ìlì tẹ́ abẹ́ òrùlé. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ, wáyà yẹn ò ní gbọ́ nǹkan kan, etí ọgbà la ó gbé e gbà, àwọ̀ dúdú, tín-ín-rín, kí onílé má rí i. Kó o sì pa àwọn ṣájà àti gílóòbù LED ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wàá fi mọ èyí tó ń pariwo sínú rédíò.