"Wọ́n ta kí ni?": àwa àti àwo àṣàyàn orin Black Sabbath

Oníbéèsì:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n ṣí i, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Birmingham ni mò ń gbé, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń gé irin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gìtá béèsì ni mò ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì fún mi ní àwo méjì nínú páálí kan: We Sold Our Soul for Rock 'n' Roll (ìyẹn ni pé "A ta ọkàn wa nítorí orin rọ́ọ̀kì"), àṣàyàn orin Black Sabbath, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti Birmingham níbí, tó jáde ní 1975. Ìyàwó mi ka àkọlé ẹ̀.

"Wọ́n ta kí ni?"

"Gìtá ni wọ́n ń ta."

"Bàbá Ìbejì, ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti gbé e wá."

Inú búùtù ọkọ̀ ni àwo sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi náà ò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ, kí n má parọ́. Ìtàn tí bàbá yẹn sọ ló mú mi. Tony Iommi, onígìtá wọn, ọmọ àdúgbò Aston níbí ni. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin gé orí ìka ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ méjì, lọ́jọ́ tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn níbẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì sì ni: ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi ń tẹ okùn! Ó yọ́ ike ọṣẹ ìfọbọ́, ó fi ṣe fìlà fún ìka méjèèjì, ó lẹ awọ mọ́ ọn lórí. Nígbà tó yá, ó tún dẹ okùn gìtá kó lè rọrùn láti tẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń dúró tì lálaalẹ́.

Mo wá orin inú àwo náà lórí fóònù, mo gbọ́ ọ nínú ọkọ̀. Iron Man ti 1970 wúwo lóòótọ́, àmọ́ tó bá kan Children of the Grave ti 1971, okùn ti dẹ̀, ohùn ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Èṣù tí mò ń wá, n ò rí i. Nínú War Pigs, àwọn ọ̀gágun tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sójú ogun ni wọ́n ń bú. Mo dẹ okùn béèsì tèmi náà. Olórí akọrin wa béèrè ẹni tó ba gìtá jẹ́.

Ọmọ Màámi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtàn. Houston ni mo wà. Nígbà tí màámi kú, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kí n lè lọ sin wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ Changes lẹ́nu Charles Bradley, olórin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí òun náà fi ṣọ̀fọ̀ ìyá ẹ̀. Mo rò pé orin ẹ̀mí ni. Ìgbà tí mo wá orírun ẹ̀, inú àwo yín yìí ni mo ti bá a! Láàárín gbogbo ariwo yẹn, dùrù àti ohùn Ozzy Osbourne, akọrin wọn, kò sí ìlù kankan. Mo tún sunkún.

Awakọ̀:
Táásì ni mò ń wà ní Birmingham yẹn kan náà. Ní 5 oṣù Keje 2025, lọ́jọ́ eré ìdágbére Black Sabbath ní pápá bọ́ọ̀lù Villa Park, mo gbé àgbààgbà mẹ́rin tó wọ dúdú látòkè délẹ̀. Àyà mi já díẹ̀. Àwo yìí ni wọ́n ní kí n tẹ̀ fún àwọn. A ò tíì dé pápá tí ọ̀kan ti ń nu ojú. Orí ìjókòó ni Ozzy ti kọrin lálẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ 17 lẹ́yìn ẹ̀ ló kú.

Oníbéèsì:
Àwo ti wọlé o. Mo ka ọ̀rọ̀ àbúrò wa ti Houston fún Ìyá Ìbejì, àwọn fúnra wọn ló lọ gbé e ní búùtù. Changes nìkan ni wọ́n ṣì gbà kí n máa lò.