Ẹ jẹ́ ká fi Mene, Tekeli àti Peresi sílẹ̀, ká tún "Ufarsini" ṣe

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tuntun ní Dáníẹ́lì 5:25 fi "Ìkà, ìkà, ìwọ̀n, ìpín" rọ́pò "Mene, Mene, Tekeli, Ufarsini", ọ̀rọ̀ Árámáìkì tí ọwọ́ kọ sára ògiri ààfin Bẹlṣásárì. N kò fara mọ́ ọn rárá.

Orúkọ òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Charles Clermont-Ganneau, onímọ̀ ará Faransé, ló là á yé àwọn ènìyàn lọ́dún 1886. Mene ni mínà, nǹkan bí ìdajì kílò. Tekeli ni ṣékélì. 60 rẹ̀ ló ń di mínà kan ní Bábílónì, nítorí náà ọ̀kan fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 8. Peresi, tó wà nínú "Ufarsini", ni ààbọ̀ mínà. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀: m-n-', t-q-l, p-r-s. Ẹ kọ "igba" láìfi àmì sí i, òǹkàwé ni yóò pinnu bóyá igbá ni, ìgbà ni, tàbí 200. Bẹ́ẹ̀ ni Dáníẹ́lì ṣe mú orúkọ òṣùwọ̀n, tó kà á bí ọ̀rọ̀-ìṣe ní ẹsẹ 26 sí 28: a kà á, a wọ̀n ọ́, a pín in.

"Ìwọ̀n" ṣe rẹ́gí, ó gbé orúkọ àti ìṣe pọ̀. "Ìkà" ló bà á jẹ́: ta ni yóò rí i lára ògiri ọba tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ìwà ibi? Bí a bá sì lo "iye", "kà" ti sọnù. "Ìpín" gbé pípín dání lóòótọ́, àmọ́ ó sọ Páṣíà nù. P-r-s yìí kan náà ni Árámáìkì fi ń kọ Páṣíà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ta: Peresi, ìjọba bọ́ sọ́wọ́ Páṣíà. Etí wa á gbọ́ ọ bí a bá fi Peresi sílẹ̀ bó ṣe wà.

"Ufarsini" ló yẹ ní títúnṣe. Àwọn kan ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni, tó yàtọ̀ sí Peresi. Kò rí bẹ́ẹ̀. "U" ni "àti"; "-in" ń fi hàn pé ó ju ẹyọ kan lọ; fáwẹ́lì tó ṣáájú ló sọ "p" di "f". Kí a kọ ọ́ báyìí: "Mene, mene, tekeli, àti peresi", kí àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé sì sọ pé peresi ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ìtumọ̀ Látìn ti Jerome kọ mene kan péré, ẹsẹ 26 náà kò sì túmọ̀ ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n méjì ni Árámáìkì kọ. Kí méjèèjì dúró.