Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà lọ́fun ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀sẹ̀ 27 ni oyún mi wà nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ní Lọ́ńdọ̀nù, gíráàmù 940 ló sì wọ̀n. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó, nítorí náà wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu rẹ̀ dé ọ̀nà èémí, ẹ̀rọ sì ń bá a mí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà ṣàlàyé fún wa pé bí ẹ̀rọ náà bá pẹ́ jù lára ọmọ, atẹ́gùn tó ń tì wọlé lè dá ọgbẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró kan náà tó ń ràn lọ́wọ́, àti pé wọn yóò gbé e sórí CPAP, èyí tí í fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ihò imú láìdáwọ́ dúró kí ẹ̀dọ̀fóró má baà pa dé, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa mí. Wọ́n ti ń fún un ní káfíìnì, torí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé a máa gbàgbé láti mí.

Nígbà tí wọ́n yọ rọ́bà, mo gbọ́ ẹkún ọmọ mi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, abẹ́ ìhà rẹ̀ ti ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí, ó sì ń kérora. Wọ́n dá rọ́bà padà. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú fà mí mọ́ra, ó ní: “Ìyá ọmọ, kò kọ̀ o, kò tíì yá a ni.”

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tún yọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, NIPPV ni wọ́n lò, tí òun náà ń gba imú, àmọ́ tó ń fi ìfẹ́ atẹ́gùn tó le díẹ̀ kún un lóòrèkóòrè. Ó dúró! Orí imú rẹ̀ pọ́n, ikùn rẹ̀ wú fún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n mo gbé e sí àyà mi tòun ti rọ́bà imú rẹ̀, mo sì ń ka èémí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Nọ́ọ̀sì ọmọ tuntun ni mí ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ tó ń bá ọmọ mí kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa, nítorí náà CPAP olómi ni a gbójú lé: a ó ki ẹnu rọ́bà tí ọmọ fi ń mí síta bọ inú ìgò omi ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìjìnlẹ̀ yẹn ló sì ń pinnu agbára tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró wà ní ṣíṣí. Bí omi bá ṣíwọ́ híhó, imú ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí rọ́bà lè ti yẹ̀, tàbí kí ẹnu ọmọ là sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé nígbà mìíràn a kì í rí ohun tí a ó fi po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ lásán, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn àpọ̀jù lè ba ojú àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti yẹ ojú tirẹ̀ wò?

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí àbùkù. Ọjọ́ 51 ló kúrò lórí CPAP pátápátá.