KOReader: ibi tí mo kàwé dé kò bára mu lórí fóònù àti tablet

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi KOReader, áàpù ìkàwé, ka fáìlì ìwé EPUB kan náà, àkáǹtì Progress sync (ohun tó ń mú ibi tí a kàwé dé bára mu) kan náà, síbẹ̀ fóònù wà ní 62%, tablet wà ní 0%. Kí ló fà á?

Èsì 1: Ṣé ẹ fi Calibre (áàpù kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú ìwé) pààrọ̀ èèpo ìwé lórí ọ̀kan? Binary ni KOReader ń lò láti mọ̀ bóyá ìwé kan náà ni, bí ẹ kò bá yí i padà: inú fáìlì ló ń wò, kì í ṣe orúkọ. Ẹ tẹ Document matching method, kí ẹ yan Filename lórí méjèèjì.

Èsì 2: Àmọ́ bí ẹ bá yan Filename, orúkọ fáìlì gbọ́dọ̀ bára mu: “iwe.epub” yàtọ̀ sí “iwe (1).epub” o! Ẹ kọ́kọ́ Push (fi ibi tí ẹ kàwé dé ránṣẹ́) láti orí fóònù, kí ẹ tó Pull (gbà á wá) sórí tablet. Bí ẹ bá Push láti orí tablet, 0% ló máa gorí 62%.