Ẹ sọ ti yín: ta ló ti rí i kí oúnjẹ tí wọ́n ń fà gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé da ẹ̀jẹ̀ aláìsàn rú?

Nọ́ọ̀sì Manchester
Iṣẹ́ abẹ ìfun ló gbé bàbá kan dé wọ́ọ̀dù wa. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ò dúró nínú wọn, ẹ lè ka egungun ìhà wọn. A so àpò oúnjẹ funfun kọ́, ni àwọn ọmọ wọn bá fárígá: kí ló dé tó ń kán díẹ̀díẹ̀ báyìí? Ṣé ebi la fẹ́ fi pa bàbá àwọn ni? Mi ò bá wọn jà. Ta ló máa rí bàbá ẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí wọ́n yó kíá? Ṣùgbọ́n ìlànà NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ ní England, tó jáde níbí ní 2006 ni pé kí irú wọn má gbà ju kálórì 10 lọ lórí kílò kan ìwúwo ara wọn lóòjọ́ níbẹ̀rẹ̀. Tó bá le gan-an, 5. A sì ti fún wọn ní fítámìn B1 kí àpò náà tó wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lábù pè wá: fọ́sífétì, ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ti já sí 0.4, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 0.8, ó kéré tán. Bàbá ń ṣàwàdà lórí bẹ́ẹ̀dì lásìkò yẹn o! A dín oúnjẹ kù, a fa fọ́sífétì sí wọn lára, a so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn mọ́ wọn.

Ọmọ Ọ̀fà
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Ó jọ ti Màámi. Ẹsẹ̀ wọn wú, ọkàn wọn ń lù kìkì. A rò pé àìsàn mìíràn ló dé. Àwa ọmọ là ń dáwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tí owó ò bá pé, wọn ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Báwo wá ni oúnjẹ ṣe ń gbé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ?

Nọ́ọ̀sì Manchester
Àbúrò, ẹni tó ti pẹ́ nínú ebi, ọ̀rá ara ẹ̀ ló ń lò. Bí ṣúgà bá wọlé lójijì, ínsúlínì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, á tú jáde, á kó fọ́sífétì, potásíọ́mù àti magnísíọ́mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á rọ́ wọn wọ inú ẹran ara. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ṣáájú lè dára, kó má tàn yín. Ínsúlínì yìí kan náà ló ń jẹ́ kí kíndìnrín di omi mú, tí ẹsẹ̀ fi ń wú.

Apòògùn
Ẹ má fojú fo magnísíọ́mù o. A fa potásíọ́mù sí obìnrin kan lára títí, kò gòkè, àfìgbà tí a tún magnísíọ́mù ẹ̀ ṣe. Bí ìyẹn bá ti lọ sílẹ̀, inú ìtọ̀ ni potásíọ́mù ń bá jáde.

Ọmọ Ọ̀fà
Háà! Potásíọ́mù nìkan ni wọ́n ń kọ síwèé fún wa pé ká lọ rà. Màámi ti délé ṣá, ògì ni wọ́n ń mu. Ṣé ó ṣì yẹ ká lọ wo magnísíọ́mù yẹn?